Ọmọ Dáadáa Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kò Tó

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Òjò láàárọ̀, oòrùn lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọmọbìnrin wa ti lọ kọ́ iṣẹ́ iná sólà ní ìlú kejì, oṣù mẹ́rin gbáko, tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún èmi àti ìyàwó mi. Obìnrin méjì péré ló wà nínú ọgbọ̀n ènìyàn tí wọ́n mú. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ láàárín kò ní gba ìwé ẹ̀rí, kódà bó jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n jù.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò tíì rí ọmọ ọdún méjì tó níwà bí ọmọ-ọmọ mi yìí. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dá ọmọ oníjàngbọ̀n mọ̀. Eléyìí kì í sáré, kì í pariwo, kì í gun àga. Ibi tí o bá gbé e kà náà ni wàá padà bá a. Á jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, á gbórí lé orúnkún mi, á máa wò mí bí mo ṣe ń kàwé. Alága àdúgbò yà kí wa lọ́sàn-án, ó ní, "Tíṣà, èyí gan-an ni à ń pè ní ẹ̀kọ́ ilé!" Alága kì í sọ̀rọ̀ lásán, bó bá ní "ẹ káàárọ̀," ńṣe ló dà bí ẹni tó ń ṣí afárá. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, inú mi dùn sí i.

Ó tún ti rí páálí ṣọ́ọ̀kì tí mo gbé kúrò níléèwé lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì (ìjọba kò fún mi ní nǹkan míì tó ṣeé gbé). Ó máa ń mú ẹyọ kan dání káàkiri, á máa lá a. Mo ní tíṣà kejì ń bọ̀ nínú ilé yìí, mo sì ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé.

Ìyàwó mi pòṣé. "Akọ̀wé wo ló ń jẹ gègé ẹ̀?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ìyàwó mi ń gé èékánná ọmọ nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pè mí. "Bàbá, ẹ wá wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ yìí."

Ó funfun bí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Mo ní ṣọ́ọ̀kì ni. Ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

A dé ilé ìwòsàn ní aago méje, wọ́n dá wa lóhùn ní aago mọ́kànlá. Òjò ń lu páànù débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ ẹnì kan, ènìyàn márùn-ún ló ń dìde. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan. Ó ti ní awò ojú tó fi okùn kọ́ sọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, kò sì tún ṣe ojúsàájú fún mi mọ́ lẹ́yìn náà.

Ó fa ìpéǹpéjú Akọ̀wé wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ kékeré gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju fóònù lọ. Ọmọ náà kò tilẹ̀ sunkún. Mo fẹ́ fi yangàn.

Ẹ̀rọ kọ méje pọ́ìntì mẹ́rin. Ó kéré tán, ó yẹ kó jẹ́ mọ́kànlá.

"Ṣé ó máa ń sáré?" nọ́ọ̀sì bi wá.

"Rárá o," ni mo wí. "Ọmọ tó fara balẹ̀ ni."

"Ṣé ó máa ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, àbí amọ̀, àbí ṣọ́ọ̀kì?"

Ìyàwó mi wò mí. Èmi ń wo òrùlé.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì rọra sọ ọ́, "kì í ṣe pé ó fara balẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó ń wá kiri yẹn náà, ara tí nǹkan kò tó nínú ẹ̀ ló ń wá a."

Mo ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní òdo láyé mi. Èyí tí mo gbà lónìí ló pé jù.

Wọ́n yẹ ibà wò, kò ní. Wọ́n fún un ní oògùn aràn, wọ́n sì fún wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tí a ó máa fún un láràárọ̀. Mo béèrè bóyá ọmọ wa nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣe. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ó ní nínú ọmọ mẹ́wàá tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nílẹ̀ wa, bíi mẹ́fà ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, nígbà míì méje. Ó ní torí pé wọ́n pọ̀ ni ojú kò fi rí wọn. Ó yé mi. Bí gbogbo kíláàsì bá ń tòògbé, tíṣà á rò pé wọ́n gbọ́ràn ni.

Ọjọ́ kẹrin oṣù keje la máa padà lọ. Bó bá wá sílẹ̀ ju báyìí lọ, ilé ìwòsàn ńlá ni, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa fà sí i lára.

Mo pe ọmọbìnrin wa. Ó ní, "Mò ń bọ̀ lọ́la." Ìyá rẹ̀ ní kó fara balẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní oṣù kan.

"Oṣù kan péré, Bàbá mi. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò bá gòkè, màá di ẹrù mi."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Oògùn náà ń rùn bí kọ́kọ́rọ́ tó dípẹtà. Akọ̀wé tu ú sí bùbá funfun mi. Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé ìwà kí ni èyí, mo bá rántí pé ìwà ọmọ dáadáa ló kó wa dé ibi tí a wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti yanjú ọ̀rọ̀ oògùn. Láti ìgbà tó ti délé yìí ni òun àti èmi ti jọ ń mu tíì ní ìdájí, tèmi nínú ife, tirẹ̀ nínú àwo pẹlẹbẹ abẹ́ ife. Lónìí mo da oògùn sínú tíì náà, mo fi ṣúgà lé e. Ó lá a tán, ó tún na àwo sí mi. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe pàṣán.

Mo ṣàlàyé ọ̀nà náà fún ìyàwó mi ní kíkún. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀dọ̀ tí nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ máa jẹ tún ti gbówó lórí, ó fi ìdajì lé ti oṣù tó kọjá. Mo bá alápatà wí. Ó nu ọ̀bẹ, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún màlúù. Ká ní ó fún un ní méjì ni, ǹ bá dín in fún yín." Mo ra díẹ̀, mo fi ẹ̀wà àti ẹyin kún un.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ìgbẹ́ ọmọ dúdú bí èédú. Ìyàwó mi pariwo, mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ó ní bí oògùn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kí n padà lọ wọ bàtà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó sùn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó tún sùn ní aago kan. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó jókòó láti sinmi bí arúgbó tó ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Mi ò fẹ́ràn ohun tí mò ń rí yìí.

Ẹ̀gbẹ́ àdúgbò ṣe ìpàdé. Mo dá a lábàá pé kí a pe nọ́ọ̀sì wá yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ kéékèèké tó wà ní òpópónà wa wò. Alága dìde, ó tún aṣọ tò, ó ní àrùn àwọn tí kò rí jẹ ni àìtó ẹ̀jẹ̀, àti pé òpópónà àwọn ènìyàn pàtàkì ni tiwa. Mo ní, "Alága, ẹ̀jẹ̀ kò mọ ènìyàn pàtàkì." Wọ́n gbà pẹ̀lú ohùn méjìlá sí mẹ́rin. Alága ní òun ni yóò sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Méje ààbọ̀.

Odindi oṣù kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló fi gòkè. Nọ́ọ̀sì tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Méje ààbọ̀ náà ni. Ó wo ìgò oògùn wa, ó rí i pé ó ti ń tán bó ṣe yẹ.

"Kí lẹ fi ń fún un?"

"Tíì," ni mo wí. Mo tún fi kún un pé, "Oní-mílíìkì."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bàbá, ta ló ní kí ẹ fi tíì fún un?"

"Èmi ni."

"Irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ló wà nínú oògùn yẹn, tíì kì í jẹ́ kí ara rí i gbà, mílíìkì náà ń dí i. Ẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbìn, ẹ̀ ń fi tòsì hú u." Ó fa ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn yọ, ó fi ìka lé ìlà kan. Ó wà níbẹ̀ kedere. Èmi tí mo ti ka ìwé tó kún yàrá kan, mi ò ka ìyẹn.

Ìyàwó mi gba ìgò oògùn, ó tì í sínú àpò tirẹ̀, ó di í mú títí a fi délé. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti mọ ibi tí mo dúró.

Mo sọ òótọ́ fún ọmọbìnrin wa. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ká ka ìtọ́ni tán ká tó dáhùn ìbéèrè."

"Èmi ni."

"Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi fúnra mi ni màá máa fún un. Bàbá ẹ ò ní fọwọ́ kan ìgò yẹn." Wọ́n jọ dúnàá dúrà fún ìgbà pípẹ́. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ó ní òun ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n ti rọ̀ mí lóyè. Ìyàwó mi ló ń fún un ní oògùn báyìí, pẹ̀lú omi ọsàn, torí ọsàn ń ran irin lọ́wọ́. Èmi ni mò ń fún ọsàn. Ó ní kí n yọ kóró rẹ̀ dáadáa, kí n má sì dá ọgbọ́n kankan sí i.

Akọ̀wé rí ife tíì lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́kún, ó na àwo rẹ̀. Mo gbé ife náà sá lọ sẹ́yìn tánkì omi, mo ń mu ún níbẹ̀ bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tí mo máa ń ká sìgá mọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Aránṣọ tó wà lódì kejì yọrí lójú fèrèsé. "Tíṣà, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Òjò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo kó páálí ṣọ́ọ̀kì fún iléèwé iwájú ilé wa. Olùkọ́ tó gbà á dúpẹ́ títí, ó ní irú ẹ̀mí ọrẹ báyìí ṣọ̀wọ́n. Mi ò tú àṣírí ara mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó gun àga!

Mo kígbe pé, "Sọ̀kalẹ̀!" Ìyàwó mi kígbe lé mi pé, "Ẹ fi í sílẹ̀!" Àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó bó ṣe gun orí tábìlì, tó gbá ìwé mi mẹ́ta dànù, tó wá jókòó sí àyè wọn. Nínú gbogbo ìwé tí mo ní, kò sí èyí tó rí ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀ bọ́ sí rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mẹ́jọ pọ́ìntì mẹ́fà.

"Ẹ tún un sọ," ọmọbìnrin wa wí lórí fóònù.

"Mẹ́jọ pọ́ìntì mẹ́fà."

"Ẹ fún màámi ní fóònù, kí wọ́n tún un sọ."

Mo ti mọ ìwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé tó kù sí mi lára. Ìyá rẹ̀ tún un sọ. Ọmọbìnrin wa ní òun á tú ẹrù, ṣùgbọ́n òun ò tíì ní gbé àpótí kúrò nílẹ̀. Tó bá kọjá mẹ́sàn-án ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, nígbà yẹn lòun á gbàgbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì wá yẹ àwọn ọmọ òpópónà wa wò lábẹ́ ìbòòrùn tí wọ́n fi tapolíìnì ta síwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Èmi ni mo ń kọ orúkọ. Alága sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ: "Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyálọ́mọ, àti ẹ̀yin ọmọ ọwọ́ gbogbo..." Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló fi sọ fún wa pé òun kò ní gba àkókò wa. Àwọn ọmọ ọwọ́ gbogbo fi ẹkún dá a lóhùn.

Ọmọ mẹ́tàdínlógójì la yẹ̀ wò. Mẹ́rìnlélógún ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Kò ya nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Èmi tún orúkọ wọn kà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí mo mọ̀ ni wọ́n. Ìkan wà níbẹ̀ tí mo máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ "ní sùúrù." Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kíláàsì bá féèlì, mi ò ní na ẹnikẹ́ni, ara mi àti ìwé tí mo fi kọ́ wọn ni mo máa ń yẹ̀ wò.

Ọmọ-ọmọ Alága ni mo kọ gbẹ̀yìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ẹ̀rọ kọ mẹ́jọ pọ́ìntì kan. Ó yẹ kí Alága sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Alága gba ẹ̀yìn wọlé lónìí, ọ̀nà ilé ìdáná. Kò gba ibẹ̀ rí. Ó jókòó lórí àpótí tí mo fi ń jókòó fún ọsàn, ikùn rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ ń bá ara wọn du àyè.

"Ọmọ yẹn sanra, Tíṣà."

"Ó sanra, Alága."

"Ó ń jẹ búrẹ́dì bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Kò sí ohun tí kì í bá mi jẹ."

"Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ẹ̀wà?"

"Ìyẹn... kò fẹ́ràn ẹ̀wà. Mo ní kí wọ́n má fipá mú un."

"Tíì?"

Ó wo ilẹ̀. "Àwa méjèèjì la jọ ń mu ún. Láràárọ̀. Ó máa ń gba ife lọ́wọ́ mi."

Láti àná ni mo ti ń pọ́n ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ dè é, nípa àwọn ènìyàn pàtàkì àti ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó dùn, ó mú, gbogbo òpópónà ni ìbá fi rẹ́rìn-ín fún ọdún kan. Mo wo ojú ọkùnrin náà, mo gbé e mì.

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe," ni mo wí.

Ó gbójú sókè. Mo fi bí mo ṣe ń fún ọsàn hàn án. Ìyàwó mi kọjá, ó ní, "Alága, ẹ yọ kóró ẹ̀ dáadáa o." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mà! N ó fi sínú ìwé yìí nìkan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Oòrùn tó dára. Mẹ́sàn-án pọ́ìntì méje.

Kò rọrùn láti rí i kà. Akọ̀wé gbá ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù, ó fẹsẹ̀ ta tábìlì, ó sì pariwo débi pé ẹni tó wà ní ìdí oògùn sáré wá wò ó. Mo ń bẹ nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Èyí gan-an ni mò ń wá." Ó ku oṣù méjì oògùn sí i kó tó dé mọ́kànlá, ṣùgbọ́n a ti kúrò ní ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin wa pè. Mo sọ iye rẹ̀, ìyá rẹ̀ kígbe tún un sọ láti àgbàlá kí wọ́n tó ní kó wá tún un sọ.

"Ẹ fún un ní fóònù, kí n gbóhùn ẹ̀."

Tẹ́lẹ̀, bí a bá gbé fóònù sí i létí, á kàn máa mí sí i ni. Mo na fóònù sí i. "Akọ̀wé, ìyá rẹ nìyí."

"Rárá!" Ó ti kọjá lára mi.

"Ó ní rárá," ni mo wí.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń lé adìyẹ aránṣọ yí tánkì omi ká."

"Ṣé ó ń rìn tẹ̀lé e ni, àbí ó ń sáré?"

"Ìyá rẹ ló ń sáré lẹ́yìn ẹ̀. Kò sì bá a."

Mo gbọ́ ìgbà tó fọn imú. Mo dúró dè é. Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ìdáhùn.

"Bàbá mi, oṣù kẹsàn-án ni màá délé, èmi àti ìwé ẹ̀rí mi. Mo ti gbé àpótí pamọ́." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọ̀la la máa kọ́kọ́ gun òrùlé. Èmi ni wọ́n ní kó ṣáájú."

Mo ní kó di àkàbà mú dáadáa, kó má wo ìsàlẹ̀, kó sì ka ìtọ́ni tán kó tó fọwọ́ kan wáyà.

"Bàbá," ó wí, "ẹ lọ gba adìyẹ yẹn sílẹ̀."